Finlay Dákẹ́, Ó Ń Retí Bàbá Rẹ

Ilé Murdo Ahunṣọ,
Sgarabost,
Erékùṣù Lewis,
Sìkọ́tílándì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kẹta, 1968.

Ishbel, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa tó ni òkun tó wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró àti nínú àlàáfíà, kí òtútù Toronto má rí ọ gbé ṣe, kí àìsàn àwọn tí ò ń tọ́jú ní ọsibítù má sì ràn ọ́. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a dúpẹ́, a wà. Màlúù wa ti bí abo kan. Afẹ́fẹ́ oṣù tó kọjá ká páànù díẹ̀ lórí ilé òfì, Iain ọkọ Kenina sì ti bá wa kàn án padà. Ajá bàbá rẹ ti darúgbó débi pé àwọn àgùntàn ló ń da òun kiri báyìí.

Lẹ́tà tó o kọ ní oṣù Kìíní tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kó o kó ẹrù rẹ wálé, kó o wá bá mi tọ́jú bàbá rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo fi etí aṣọ nu ojú, mo sì kì í bọ ẹ̀yìn aago. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí n kò wo aago yẹn, kì í sì í ṣe torí àtimọ àkókò. N kò tètè fèsì nítorí n kò mọ èwo ni kí n sọ. Bí mo bá ní kó o má wá, o lè rò pé a kò fẹ́ ọ. Bí mo bá ní kó o wá, a ó ti fi àìsàn bàbá rẹ ba ayé tìrẹ náà jẹ́. Ní báyìí mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ní àsìkò Oúnjẹ Olúwa tó kọjá yìí. Má tíì lọ bá ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì títí wàá fi kà á tán.

Mo ti sọ fún ọ nínú ìwé oṣù Kẹwàá pé bàbá rẹ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, pé rọpárọsẹ̀ ni, pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́. Ohun tí n kò sọ tán ni ti ẹnu rẹ̀. Mo kàn kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ń nira fún un, kí àyà rẹ má baà já. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló ṣẹ́ kù. Bó bá fẹ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Bí inú bá ń bí i, bẹ́ẹ̀ ni náà ni yóò máa wí tí yóò fi lu tábìlì. Dókítà ní Stornoway sọ fún mi pé ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fèsì, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló dí. Kenina aládùúgbò wa wá ní ṣúgà dára fún ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, pé ó ń dá agbára padà. Mo bi bàbá rẹ bóyá kí n fi sí tíì rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ṣíbí tó kún dáadáa sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe ń pò ó fún un láàárọ̀ àti lálẹ́ láti ìgbà náà.

Ìwọ náà mọ bí ilé wa ṣe rí. Láàárọ̀ kí a tó jẹun, àti lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá rẹ a ṣí Ìwé, a dá Sáàmù, a ka ẹsẹ díẹ̀, a gbàdúrà. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwọ̀nba ohùn tó ní, ibẹ̀ ló ń ná an sí. Nígbà tó ti ọsibítù dé, mo ní kí n máa kà á dípò rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ìwé náà sórí tábìlì ni ó na ọwọ́ òsì, ó gbé ọwọ́ náà lé ẹ̀yìn Ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kí n ṣí i. Kì í ṣe ìgbéraga, Ishbel. Mo rí ojú rẹ̀. Ojú ẹni tí wọ́n ń gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mo gbé Ìwé náà padà sórí pẹpẹ, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọdún fi yí.

Kí n má purọ́ fún ọ, èmi náà kò bá a fà á. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run. Mo ti gbàdúrà sí i ní oṣù Kẹwàá, mo tún gbà á ní oṣù Kọkànlá, mo ní kó dá ọwọ́ ọkọ mi padà, kó dá ẹnu rẹ̀ padà. Nígbà tí n kò rí èsì, mo dákẹ́. Mo wá ń jẹun láìdúpẹ́, èmi tí mo máa ń gbá ọ lọ́wọ́ bó o bá mú ṣíbí kí a tó ṣe àmín. Kenina a wọlé, a ní kí n máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo, a sì jẹ bisikíìtì mi kó tó lọ. Ní ọjọ́ kan ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní, "Kenina, bí ọpẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ tó bẹ́ẹ̀, bá mi dá tèmi pọ̀ mọ́ tìrẹ." Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó tún yà.

Bí oṣù Kẹta ṣe ń sún mọ́lé, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àsìkò Oúnjẹ Olúwa ti ìjọ wa ń bọ̀, láti Ọjọ́bọ̀ ààwẹ̀ títí dé ọjọ́ Ajé ìdúpẹ́, gbogbo ilé ni yóò sì kún fún àlejò láti ìjọ mìíràn. O mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n Finlay àti Gormelia ìyàwó rẹ̀ ti ń ti Ness wá wọ̀ sọ́dọ̀ wa kí a tó bí ọ. Mo kọ̀wé sí wọn pé lọ́tẹ̀ yìí kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wọ̀ sílé Kenina, pé ilé wa kò ṣeé gbàlejò. N kò fẹ́ kí Finlay rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú, bọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Gormelia sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú itan àgùntàn kan lábẹ́ apá àti kúbùsù lórí èjìká, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọ inú ilé. Ó ní, "Dolina, àbúrò mi, ìwé rẹ dé. Mo fi dáná." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Finlay ti darúgbó, iyè rẹ̀ sì ti ń fò. Ohùn rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, òun náà ló ṣì ń dá orin nínú ìjọ wọn, ṣùgbọ́n nǹkan tó bá gbọ́ lónìí kì í bá a dọ̀la. Gormelia ní ó wọ kóòtù òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi kan, òun sì ń fi tirẹ̀ lọ́wọ́ sáré tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín títí pásítọ̀ fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Bí wọ́n ṣe dé, bàbá rẹ sá lọ sí ilé òfì. Finlay bá a lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo gbé tíì dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tó ń bi í pé báwo ni aṣọ tó hun lọ́sẹ̀ yìí ṣe pọ̀ tó. Bàbá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Finlay ní ó dáa, ó mu tíì rẹ̀, ó sì tún bèèrè bákan náà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo bá Gormelia nínú ilé ìdáná, mo ní ṣé wọn kò sọ fún Ẹ̀gbọ́n Finlay ni. Gormelia kò gbé ojú kúrò lára ẹran tó ń gé. Ó ní òun ń sọ fún un lójoojúmọ́. Ó ní bó bá ti gbọ́, yóò sunkún Murdo bí ẹni pé ọjọ́ náà ló ṣẹlẹ̀, bó bá sì di ọjọ́ kejì yóò tún ní kí òun lọ múra, kí àwọn lọ kí Murdo, pé ó pẹ́ tí àwọn ti jọ kọrin. Nígbà náà ni mo tó wo ojú Gormelia dáadáa, mo rí i pé ó ti rù. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àwa tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti dé, tí gbogbo wa sì ti jẹun, Kenina àti Iain náà wà lọ́dọ̀ wa. Ilé gbóná, iná ń jó dáadáa. Bàbá rẹ jókòó sí igun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Finlay kàn dìde ní tirẹ̀, ó lọ gbé Ìwé kúrò lórí pẹpẹ bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọdún, ó nu eruku ara rẹ̀ pẹ̀lú apá ẹ̀wù. Ó ní, "Murdo, ṣé kí n ṣí i?" Bàbá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wa wo ara wa, nítorí kò sẹ́ni tó mọ èwo nínú àwọn bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ nìyẹn. Finlay ní tirẹ̀ gba ohun tó gbọ́ gbọ́, ó sì ṣí i sí Sáàmù ìdúpẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ sórí.

O rántí bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà nínú ọkọ̀ ogun ni Finlay ti ń dá ìlà orin, tí bàbá rẹ yóò sì kọ́kọ́ gbè é lóun nìkan kí àwa yòókù tó wọlé. Nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń ní ohùn Ẹ̀gbọ́n Finlay ń kan ilẹ̀kùn, ohùn bàbá rẹ sì ń ṣí i. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Finlay gbàgbé gbogbo ohun tí Gormelia ti sọ fún un. Ó dá ìlà àkọ́kọ́ tán. Ó pa ojú dé. Ó dákẹ́, ó ń retí bàbá rẹ.

Ishbel, ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kenina wo ilẹ̀. Gormelia na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì kó lè ta ọkọ rẹ̀ nípàá, Iain ló gbà á fún un. Mo wo Finlay bó ṣe jókòó tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tó gbórí sókè, inú sì bí mi débi pé mo fẹ́ lé arúgbó náà jáde nínú òtútù. Mo la ẹnu kí n fi ohùn ara mi bo ìtìjú náà mọ́lẹ̀. Kí n tó mí, ohùn kan jáde láti igun. Mo kọ́kọ́ rò pé ajá ni.

Bàbá rẹ ni. Ohùn náà ha bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí i kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ odindi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà náà, kò fo ọ̀kankan, ó rìn ín lọ dé ìparí. Ọkùnrin tí kò lè sọ pé omi, kò lè sọ pé iná, ó pe orúkọ Olúwa jáde kedere, ó ní kí ọkàn òun má ṣe gbàgbé oore rẹ̀. Finlay kò la ojú. Ó dá ìlà kejì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, bàbá rẹ sì gbè é. Kò sí èyíkéyìí nínú àwa yòókù tó lè bá wọn kọ ọ́. Kenina ti fi ìborùn di ẹnu. Àwọn méjèèjì nìkan ló kọ ọ́ parí. Lẹ́yìn náà Finlay la ojú, ó yíjú sí bàbá rẹ, ó ní, "Murdo, o ti mú un sísàlẹ̀ jù lónìí."

Bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹwàá tí bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ bọ́ sí àyè rẹ̀.

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ wo màlúù. Mo fi orí ti ẹ̀gbẹ́ màlúù náà, mo sunkún títí ó fi yíjú wò mí. Mo ní, "Olúwa, ẹ ṣé." N kò fi nǹkan kan kún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, n kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo dìde pẹ̀lú ìrètí bí ọmọdé. Mo kí bàbá rẹ pé ẹ káàárọ̀. Ó la ẹnu, ó tiraka, iṣan ọrùn rẹ̀ le. "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé inú orin nìkan ni ọ̀rọ̀ wà fún un, inú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó ti mọ̀ láti kékeré. Mo ní ìyẹn náà tó, mo sì ń sọ fún ara mi bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń gbé kẹ́tù kaná, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo ń pa. Ohùn tí mo fẹ́ ni èyí tí yóò pe èmi náà.

Ẹ̀gbọ́n Finlay àti Gormelia jókòó ti bàbá rẹ nídìí tíì rẹ̀, wọ́n ń bó ànàmọ́ tí a ó jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohun àná kì í dúró lọ́dọ̀ Finlay, ṣùgbọ́n ti ìgbà èwe rẹ̀ pé. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe kọ́ òun ní orin dídá. Ó ní olùkọ́ àwọn kò gbà kí ọmọkùnrin kankan máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe ìdánrawò, kí wọ́n máa já a lulẹ̀, kí wọ́n máa gbé e. Ó máa ń hun ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún wọn, ti àgùntàn tó sọnù, ti ọ̀lẹ tí kò gé ilẹ̀ ìdáná, kó sá a gbẹ bí igi, kí òjò tó dé, kí wọ́n fi kọ́ ohùn orin náà títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò tó fi Sáàmù sí i. Mo dúró pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́. Gormelia náà dáwọ́ dúró. Ó ní, "Bàbá, má dán an wò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta Oúnjẹ Olúwa nìyí. Bí alàgbà kan bá gbọ́ ńkọ́?" Finlay ní, "Kó wọlé wá, àwa náà á bó ànàmọ́ fún un."

Ó yíjú sí bàbá rẹ, ó gbé ohùn orin àná yẹn, ó fi ọ̀rọ̀ sí i, pé Murdo, kí ló ń ṣe ọ́ tó o fi ń wo tíì rẹ bí ọ̀tá? Ó dá a tán, ó pa ojú dé, ó dákẹ́.

Bàbá rẹ gbé ife sílẹ̀. Ó wá ohùn náà, ó rí i, ó gun orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Dolina, má fi ṣúgà sí tíì mi mọ́."

Gormelia rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ́ kúrò lórí àga bọ́ sínú èèpo ànàmọ́. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, kẹ́tù ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo òtútù ọdún yìí látòkè délẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ti ń mu ohun tó kórìíra. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó wò mí, Ishbel. O mọ bó ṣe máa ń woni. Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Nígbà mìíràn ohùn orin a jáde, ọ̀rọ̀ a kọ̀. Orúkọ ènìyàn ló le jù fún un. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò tíì lè pe Dolina mọ́. A dúró níwájú àwòrán rẹ tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, a hùn ún títí, orúkọ rẹ kò ní jáde, a sì fi ọwọ́ lu pákó. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà bó ṣe wà. Iain ló ń hun aṣọ lórí òfì wa lọ́wọ́ ọ̀sán, èmi ń ká òwú, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń kó aṣọ wa ṣì ń yà bó ṣe máa ń yà. Bàbá rẹ a dúró sí ẹ̀yìn Iain. Lánàá ó fi ohùn orin tí wọ́n fi ń sin òkú sọ fún un pé òwú ti já lápá òsì, pé ṣé afọ́jú ni. Iain ní nínú gbogbo èébú tí wọ́n ti bú òun rí, èyí ló bọ̀wọ̀ fún òun jù.

Ní ọjọ́ Ajé ìdúpẹ́, ó mú ṣòkòtò dúdú rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Mo bá a so táì. Kò tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tó ti ṣubú. A jókòó sí àyè wa. Nígbà tí wọ́n dá orin, tí gbogbo ìjọ gbè é, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín wọn, àwọn tó wà níwájú sì bojú wẹ̀yìn, ohun tí o mọ̀ pé a kì í ṣe níbí. Pásítọ̀ wàásù lórí ọpẹ́. N kò lè ròyìn rẹ̀ fún ọ, torí mo ń bá Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ tèmi ní gbogbo àkókò náà. Mo sọ fún un pé n kò ní dúpẹ́ nítorí ọjọ́ tí ọkọ mi ṣubú. Bó bá fẹ́ ìyẹn, kó ní sùúrù títí a ó fi rí ara wa lójúkojú. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ nítorí Gormelia tó fi ìwé mi dáná. Mo dúpẹ́ nítorí ìgbàgbé Ẹ̀gbọ́n Finlay. Ìgbàgbé yẹn ni ẹkún Gormelia, òun náà sì ni Olúwa mú lò nínú ilé tèmi, n kò sì mọ bí n ó ṣe san án fún obìnrin náà. Mo sì tọrọ àforíjì, nítorí mo ti ń pariwo pé kò dáhùn, nígbà tó jẹ́ pé inú Ìwé tí a pa dé sórí pẹpẹ ni ohùn ọkọ mi wà. Bí a bá ti ṣí i ní oṣù Kọkànlá, ta ló mọ̀?

Ní báyìí, a ń ṣí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Bàbá rẹ ń dá orin, èmi ń ka ẹsẹ, òun a sì fi orin gbàdúrà ṣókí, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe yọ̀ǹda fún un tó. Mo ti padà sídìí ọpẹ́ orí oúnjẹ. Mo tilẹ̀ pe Kenina wá jẹ bisikíìtì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ pé má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Ọlọ́run tó mú wa la ìgbà òtútù yìí já yóò mú wa dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gba ìsinmi rẹ ní oṣù Keje, nígbà tí a bá ti kó ilẹ̀ ìdáná wálé, kó o wá kí wa, kó o sì padà síbi tí ayé rẹ wà. Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. O kọ ọ́ nínú ìwé rẹ pé ní èbúté Stornoway, lọ́jọ́ tó ò ń lọ, bàbá rẹ kò sọ ju pé kó o wò ó bóyá àpótí rẹ pa dé, pé nígbà tó o sì bojú wẹ̀yìn láti orí ọkọ̀, ó ti kẹ̀yìn sí ọ. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ pé yóò kú láìsọ nǹkan kan fún ọ. Ọmọ mi, n kò lè ṣèlérí ohun tí ẹnu rẹ̀ yóò lè sọ. Wá náà, bó ti wù kó rí.

Olúwa tó ń ṣọ́ àwọn tó wà lójú òkun yóò máa ṣọ́ ọ. Ọwọ́ tó o fi ń tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn kò ní rọ. Wàá rí ẹni tọ́jú tìrẹ náà, ojú ọ̀nà rẹ kò ní ṣókùnkùn, ilé yìí kò sì ní ṣófo kó o tó dé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Dolina.

Mo tún rántí: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún ṣí i. Bàbá rẹ ti ilé òfì wọlé, ó fi ohùn orin bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní Ishbel ni, mo ní kó wá ní oṣù Keje. Ó lọ dúró níwájú àwòrán rẹ. Ó gbé ohùn orin Ẹ̀gbọ́n Finlay, kò rí ọ̀rọ̀. Ó tún gbé e. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ jáde: "Ishbel." Ó mí kanlẹ̀, ó gba ìlà kejì: "Sọ fún un kó wò ó bóyá àpótí rẹ̀ pa dé." Ó sì lọ sí ojú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe lọ́jọ́ náà ní èbúté. Lọ́tẹ̀ yìí mo yí lọ síwájú rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Ó ń sunkún, Ishbel. Mo rò pé ó sunkún bákan náà lọ́jọ́ tó ò ń lọ. Pa àpótí rẹ dé dáadáa.